Aṣọ Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Ní ọdún kejì ìjọba alágbádá, Oyèníkẹ́ fi iṣẹ́ ìránṣọ sílẹ̀ ní Agége, ó lọ gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ táyà kan ní Ìkẹjà. Inú bí ìyá rẹ̀ débi pé ó mú un lọ sọ́dọ̀ wòlíì ìjọ wọn.

“Bàbá, ẹ bá mi bá a wí. Aṣọ ni mo ní kó máa rán, ó lọ ń bá àwọn ọkùnrin po rọ́bà!”

Oyèníkẹ́ kúnlẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù kò bà á rárá.

“Màmá, aṣọ náà ni mo ṣì ń gé. Ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ níbẹ̀ sọ pé átáyà ni òyìnbó ń pe aṣọ. Nígbà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wọn fi irin bo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ onígi, wọ́n ní àwọn wọṣọ fún un ni. Nígbà tó yá, wọ́n gé orúkọ náà kúrú, ó di táyà. Títí dòní, aṣọ òwú wà lábẹ́ rọ́bà yẹn. Torí mo mọ àlùmọ́gàjí lò ni wọ́n ṣe gbà mí.”

“Aṣọ, nínú táyà?” Ìyá rẹ̀ pòṣé.

Wòlíì dìde, ó kó wọn lọ sídìí Píjò rẹ̀ níta. Táyà ẹ̀yìn ti jẹ, fọ́nrán òwú sì ti yọ síta. Ìyá Oyèníkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ fà á wò.

“Òwú ni lóòótọ́,” ó wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun fúnra rẹ̀ ló pọnmi ìwẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, tó sì sìn ín dé ibùdókọ̀.