Kọmití Ìkànnì Iléèwé Mi

Ẹ má fẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ o. Bí ẹ bá sì ti fẹ́ ẹ, ẹ má jẹ́ kó dá sí òwò yín. Èmi Hadassah ti fẹ́ tèmi, ẹ wá gbọ́.

Ní ọdún 2016, iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi tí mo dá sílẹ̀ ní Lugbe, ní Àbújá, ń wá ọmọ lójú méjèèjì. Ìyáàfin Ọláídé ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí tirẹ̀ sí òdìkejì títì. Mo mọ̀ pé bí n kò bá rí ọmọ tuntun kí iléèwé tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, tèmi parí nìyẹn. Mo ní kí á ṣe ìkànnì sórí ayélujára kí àwọn òbí lè rí wa. Hezekiah àbúrò mi tó mọ kọ̀ǹpútà ní òun á fi PHP, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ni Akínjídé ọkọ mi bá yọ awò ojú rẹ̀. "PHP kẹ̀? Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Dádì Ìtùnú, ìkànnì ni o, kì í ṣe afárá."

"A kì í ṣe é báyẹn ní ọ́fíìsì wa."

Ó pe Adébíyì, ọmọ ọ́fíìsì wọn. Ìyẹn ní Python ni èdè tó yẹ, pé PHP ti gbó. Hezekiah ní irọ́ ni. Ọkọ mi bá dá kọmití sílẹ̀ nínú pálọ̀ mi, òun ni alága. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan á dábàá pé kí á gbà á wọlé, ẹnì kejì á kín in lẹ́yìn. Wọ́n á jẹ ìrẹsì mi tán, wọ́n á sún ọ̀rọ̀ síwájú. Wọ́n ní, èdè wo ló máa lè gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún àlejò lórí ìkànnì lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ gbà mí! Ọmọ tí mo ní kò pé ogún! Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n da omi sí wọn lára.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyíkéyìí," mo bẹ̀ wọ́n. "Òbí wo ló máa béèrè èdè tí ẹ fi kọ ọ́?"

"Ìyá Ìtùnú, sùúrù," ni alága wí. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Oṣù kẹsàn-án dé, wọn ò tíì fẹnu kò. Ìyáàfin Ọláídé kàn gbé àwòrán iléèwé tirẹ̀ sórí Facebook ni, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Láàárọ̀ tí wọ́n wọlé, mo dúró lẹ́nu géètì mi, mò ń wo àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní A-B-D bí wọ́n ṣe ń sọdá lọ bá a nínú yúnifọ́ọ̀mù tuntun. Mo sunkún.

Ní oṣù kọkànlá, kọmití mú Python. Kí n má purọ́, ìkànnì náà dára, kì í ṣe bí iná Lugbe tó ń kú tó ń jí. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí i tí ẹnì kan fi kọ̀wé sí wa níbẹ̀. Akínjídé fò sókè.

"Hadassah! Ó ń ṣiṣẹ́! Wá wò ó!"

Mo sáré dé, mo kà á. Ìyáàfin Ọláídé ni. Ó ní àwọn ọmọ òun ti pọ̀ ju àga lọ, ṣé mo lè ta àwọn àga tèmi fún òun?

"Ṣé o rí i?" ni alága wí, tẹ̀rín tẹ̀rín. "Bó ṣe kọ ọ́ báyìí ló dé ọ̀dọ̀ wa."

Mo gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fèsì pé kó wá kó wọn lọ́la.