Ààlà Tí Wọ́n Pa Sẹ́nu Ìyá Aránṣọ

Eyín funfun ni ẹ̀yẹ ẹ̀rín. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò sọ ohun tí à á fi fọ̀ ọ́. Àfi bí ẹni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyẹn sílẹ̀ kí àwọn ọmọ Ìyá Aránṣọ lè rí nǹkan jà lé lórí.

Ìyá Aránṣọ kì í fi sísọ́ọ̀sì gé òwú. Eyín iwájú kan ló fi ń gé e láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. A sì máa ki eyín náà bí ẹni ń ki ọmọ ọba: "Eyín mi, agé-òwú-má-fọwọ́-kàn-án, ọ̀bẹ tí ará ilé kì í yá lọ, irinṣẹ́ tí olè ò lè jí!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe gé òwú lára aṣọ funfun oníbàárà kan, ẹ̀jẹ̀ kán sí kọ́là aṣọ náà. Ó fi ahọ́n tọ́ eyín wò. Eyín mì. Ọkàn òun náà mì. Bí èyí bá jáde, báwo ni ọwọ́ òun ṣe máa mọ iṣẹ́ ṣe mọ́? "Olúwa," ó ní, "má jẹ̀ẹ́ kí irinṣẹ́ mi bọ́ mọ́ mi lẹ́nu."

Ọlọ́run nìkan ni ì bá sọ fún. Ó tún lọ sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Àkọ́bí rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ewé-Ń-Jẹ́, ń fi ewé àti èèpo igi po omi ìfọ-ẹnu, ó ń rọ ọ́ sígò tà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń tajà ní ilé oògùn, òun ni wọ́n ń pè ní Kẹ́míìsì. Omi búlúù ni tirẹ̀, ó ń ta ẹnu bí ata.

"Màámi, tèmi ni kẹ́ ẹ lò," ni Ewé-Ń-Jẹ́ wí. "Ọlọ́run ti dá ewé kí ẹnikẹ́ni tó di dókítà."

"Ọlọ́run náà ló dá orí tí dókítà fi ń ronú," ni Kẹ́míìsì dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, èèrà wà nínú ìgò tẹ́ ẹ gbé wá lánàá."

"Èèrà tó mọ nǹkan tó dáa ni. Ṣé o ti rí èèrà tó sún mọ́ tìẹ rí?"

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò lójútùú, wọ́n ní àwọn á dán an wò. Kẹ́míìsì mú téèpù ìyá rẹ̀, ó wọn ẹnu ìyá láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó pa ààlà. Apá òsì di ti ewé, apá ọ̀tún di ti omi búlúù. Ààlà sì bọ́ sórí eyín tó ń mì gan-an.

"Tèmi nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Irọ́ o, tèmi ni!"

"Èmi tí mo ni ẹnu ńkọ́?" ni Ìyá Aránṣọ bi wọ́n, ṣùgbọ́n téèpù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Kí búrọ́ọ̀ṣì tí ìyá wọn fi ń fọ eyín má baà gba ògo tí kì í ṣe tirẹ̀, àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, pé kí ìyá wọn má fọ eyín mọ́ títí ìdánwò á fi parí. Ewé-Ń-Jẹ́ ki búrọ́ọ̀ṣì náà bọ àpò.

Ìyà dé. Ìyá Aránṣọ á gbé orí fì sí òsì, á fi omi ewé ṣan apá kan. Á tún gbé e fì sí ọ̀tún, á fi omi búlúù ṣan apá kejì. Adùn ọbẹ̀ pòórá lẹ́nu rẹ̀. Iyọ̀ wá ń jọ ìyẹ̀fun.

"Ìyá, kí ló ṣe ọrùn yín?" ni oníbàárà kan bèèrè. "Ṣé ẹ sùn sódì ni?"

"Ọmọ ni mo bí," ó dáhùn.

Bí eyín náà sì ṣe ń mì sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ni ín ń yẹra.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó dáadáa, apá tiyín ló wà."

"Tèmi kẹ̀? Nígbà tí kò tíì mì tó báyìí, ṣebí ìwọ lo ni ín?"

Ìyá Aránṣọ gbàdúrà, ó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gba ọ̀dọ̀ dókítà eyín lọ. Àwọn méjèèjì gbá tẹ̀lé e, kálukú pẹ̀lú ìgò rẹ̀.

Dókítà fi ọ̀dà pupa kan kun eyín rẹ̀, ó ní kó fi omi ṣan ẹnu, ó wá gbé dígí sí i lójú. "Ibi tó bá pọ́n, ìdọ̀tí ló lẹ̀ mọ́ ọn." Òsì pọ́n. Ọ̀tún pọ́n. Ààlà pàápàá pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.

"Ta ló borí?" ni Ewé-Ń-Jẹ́ bèèrè.

"Ìdọ̀tí," ni dókítà wí. "Ìyá, ìgbà wo lẹ fọ eyín gbẹ̀yìn?"

Kẹ́míìsì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri.

"Omi ewé lè ranni lọ́wọ́, omi búlúù náà lè ranni lọ́wọ́," ni dókítà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ṣùgbọ́n ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń tò sí. N ó bá yín ha ìdọ̀tí yìí kúrò. Bẹ́ ẹ bá wá ń fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́, èrìgì yín á lè di eyín yìí mú."

Ó ha á. Nígbà tí Ìyá Aránṣọ jáde, eyín rẹ̀ ṣì dúró síbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ náà ṣì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O gbọ́? Ó ní ewé ń ranni lọ́wọ́. Tèmi ló kọ́kọ́ dárúkọ."

"Torí pé ẹ dàgbà jù mí lọ ni, ẹ̀gbọ́n. Ó bọ̀wọ̀ fún yín ni."

Ìyá Aránṣọ dúró sí àárín wọn, ó nawọ́ sí àkọ́bí rẹ̀.

"Ọmọ mi, fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì mi."