Ìwọ́ Tí Kò Tíì Dákẹ́

Àlùmọ́gàjí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò ní í gé nǹkan kan lọ́jọ́ náà, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Fẹ̀yìntọlá kò bá a jiyàn. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń gbẹ̀bí, ó sì mọ̀ pé irinṣẹ́ a máa ya ọ̀lẹ bí ènìyàn. Ó dá a padà sínú àwo, ó da omi gbígbóná lé e lórí, ó wá kọjú sí obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ṣíjúadé ni orúkọ obìnrin náà. Oyún rẹ̀ kẹta nìyí, kò sì tíì sí ọmọ kan nílé. Ilé ìgbẹ̀bí tí Fẹ̀yìntọlá ń lọ lójoojúmọ́ náà ni wọ́n wà, àfi pé àjà ilé ti di odò. Omi ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́ lókè orí wọn, oòrùn ọ̀sán sì ń gba inú rẹ̀ wọlé. Kò sí ẹni tó gbójú sókè wò ó.

Ọmọ náà wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọkùnrin ni. Kò ké. Fẹ̀yìntọlá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn, ó gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kò ké síbẹ̀. Apá rẹ̀ rọ jọwọlọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró. Ṣùgbọ́n ìwọ́ rẹ̀ ṣì so mọ́ ìyá rẹ̀, ó nípọn, ó ń dán, ó sì ń lù lábẹ́ ìka Fẹ̀yìntọlá, kì, kì, kì. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ṣì ń ti inú ibi ọmọ bọ̀ wá bá a nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó wá dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ láti ìlú ńlá ti sọ ọ́ lásọtúnsọ. Wọ́n ní kí wọ́n má ṣe máa kánjú gé e mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí ìwọ́ lù fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Bí ọmọ kò bá sì mí, kí wọ́n gbé báàgì tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọmọ nímú wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, kí wọ́n ṣe é níbẹ̀. Fẹ̀yìntọlá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ó tilẹ̀ kọ́ àwọn tó kéré sí i.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, lójú ayé, tí kì í ṣe lójú àlá, nígbà tí ọmọ Ṣíjúadé kò ké, ọwọ́ Fẹ̀yìntọlá kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ìwé. Ó gé ìwọ́, ó gbé ọmọ sáré lọ sórí tábìlì. Ẹ̀rù ló bà á, kò sí ohun mìíràn. Ìyá Ṣíjúadé tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà kígbe pé, “Ẹ má tíì gé e o, kò tíì ké!” Fẹ̀yìntọlá dá wọn lóhùn pé, “Màmá, ẹ bọ́ síta, ẹ jẹ́ ká ráyè ṣiṣẹ́.” Nílé àwọn màmá náà, wọn kì í gé ìwọ́ ọmọ tí kò tíì ké. Wọ́n ní ibi ni ẹnìkejì ọmọ, kò sì yẹ kí á yà wọ́n láìjẹ́ pé wọ́n ti dágbére fúnra wọn. Ọmọ náà kò mí títí tí ọwọ́ fi ro gbogbo wọn.

Nítorí náà, nígbà tí Fẹ̀yìntọlá rí i pé ọmọ kan náà ló tún padà wá, inú rẹ̀ dùn dé ibi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Lọ́tẹ̀ yìí, n ò ní í gé e,” ó wí.

Aago ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í kà fún un. Ó kà dé mẹ́tàdínlógún, ó dákẹ́, ó ní òun ti gbàgbé èyí tó kàn.

“Méjìdínlógún ni,” ni Fẹ̀yìntọlá wí.

Aago ní kò dá òun lójú.

Báàgì wà lórí tábìlì, tábìlì sì wà nídìí ògiri, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ péré. Fẹ̀yìntọlá na ọwọ́ kan sí i, èkejì wà lára ìwọ́. Tábìlì sún sẹ́yìn. Ó tún na ọwọ́, tábìlì tún sún, títí oko ọkà bàbà kan fi wà láàárín wọn, tí àwọn ẹyẹ sì ń jẹ̀ nínú rẹ̀.

“Ọmọ ni wọ́n máa ń gbé wá bá mi,” ni tábìlì wí láti òkèèrè. “Èmi kì í lọ bá ọmọ.”

Inú ọkà bàbà náà ni Mátíróònù Adéyanjú gbà wọlé. Ọdún mẹ́sàn-án ti kọjá tí wọ́n ti sin wọ́n, Fẹ̀yìntọlá sì wà lára àwọn tó da erùpẹ̀ sí wọn, ṣùgbọ́n kò jọ ọ́ lójú. Aṣọ funfun wọn gún régé. Àwọn ló kọ́ ọ níṣẹ́, àwọn náà ló ra bàtà iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún un nígbà tí kò ní. Ó fẹ́ràn wọn gan-an.

“Kí lò ń dúró wò?” wọ́n bi í.

“Ó ń lù, mà.”

“Ọmọ tí kò bá ké, gé e kíá, gbé e sá. Ta ló kọ́ ẹ?”

“Ẹ̀yin ni, mà. Ṣùgbọ́n ó ti yí padà. Wọ́n ní ká máa dúró.”

“Àwọn wo?”

Kò rántí orúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Ó yọ ìwé rẹ̀ lápò. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo kán láti àjà sórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ṣàn wálẹ̀ sí ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Mátíróònù fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́ tìfẹ́tìfẹ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún. Fẹ̀yìntọlá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé, “N ò ní í gé e, mà,” ọwọ́ rẹ̀ sì ń gé e bọ̀. Ohun tó ti di bárakú kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Kíá ni yàrá padà sí bó ṣe wà. Tábìlì wà nítòsí. Ó tẹ́ ọmọ sí i, ó fi ìbonu báàgì bo imú àti ẹnu rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Àyà ọmọ gbéra sókè, ó wálẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, àyà tún gbéra. Bó bá ti dáwọ́ dúró, àyà náà a dúró.

Nígbà náà ni ó gbọ́ igbe ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi ọmọ ti jáde, ó wà nínú abọ́ lẹ́bàá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó pupa, ó wú fún ẹ̀jẹ̀ tí kò rọ́nà lọ, ó sì ń ké. Igbe tó dáa ni, irú èyí tí gbogbo agbẹ̀bí máa ń gbàdúrà fún. Mátíróònù wo aago, wọ́n kọ àkókò náà sínú ìwé, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ìyá Ṣíjúadé wọlé pẹ̀lú ìkòkò tuntun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ibi ọmọ sínú rẹ̀.

“Màmá, ẹ dákun, ẹ má gbé e lọ,” ni Fẹ̀yìntọlá wí. “Òun ló ń ké.”

“Nọ́ọ̀sì, sísin la máa ń sin ín,” ni màmá náà dáhùn. Wọn kò bínú. “Ẹ ti gé e.”

Ó ń wò wọ́n lójú fèrèsé bí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò lè kúrò nídìí tábìlì, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń tẹ báàgì. Wọ́n gbé ìkòkò sínú ihò, wọ́n da erùpẹ̀ lé e, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Igbe náà ń bá a lọ lábẹ́ ilẹ̀.

Ṣíjúadé gbé orí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ọ. Ó ti ké, àbí?”

Fẹ̀yìntọlá gbé báàgì kalẹ̀. Ó fi aṣọ we ọmọ orí tábìlì dáadáa, ó bò ó lórí kí òtútù má mú un.

“Ó ti ké,” ó wí, nítorí pé òótọ́ ni.

Ṣíjúadé na ọwọ́ méjèèjì, ó gba ọmọ náà mọ́ra, ó sì ń kí i pé, “Ẹ káàbọ̀, bàbá mi. Ẹ kú ìrìn o. Ọ̀nà yín mà jìn o.”