Ọta Tó Bá Jábọ́ Wọlé Nìkan

Verena Tessmer ti tú ìbọn pélébé rẹ̀ sórí tábìlì, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú lóòró bí ẹni di ife mú, ó sì ń ju ọta sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá jábọ́ wọlé tó dún "tó", á dà á síta padà, á kó o sí ọ̀tún. Èyí tó bá há lẹ́nu ọ̀nà, á kó o sí òsì. Òkìtì òsì ti ga ju ti ọ̀tún lọ, ìdíje ò sì ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo wọn. Òjé tí àwọn fọkanáísà ń yọ lára ẹsẹ̀ mọ́tò ló máa ń tọrọ, á yọ́ ọ, á dà á sínú mọ́ọ̀dù, á fi ìda oyin pa á lára kó lè yọ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló ṣe: ó pààrọ̀ ọ̀pá ìbọn náà nígbà òtútù, inú tuntun sì há ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n àtijọ́ ló fi ṣe ọta. Ìgbà tó dé pápá ló mọ̀. Kò ráyè kẹ́dùn. Ó jókòó, ó ń ṣà wọ́n.

Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ náà ju eré lọ. Harlan, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ ayìnbọn wa, ti dá a lábàá pé kí a fòfin de ọta òjé nínú ìbọn tó ń ki ara rẹ̀. Ó ní òjé dára nínú ìbọn tí ilé ọta inú rẹ̀ ń yí po. Nínú èyí tó ń ki ara rẹ̀, irú ti Verena, ṣe ló máa ń há, gbogbo èèyàn á sì dúró máa wo ẹnì kan tó ń tú ìbọn. Kò parọ́. A ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ Sátidé ṣòfò bẹ́ẹ̀. A wá fẹnu kò pé bí ìbọn Verena bá há lẹ́ẹ̀kan péré lónìí, òfin ti dé. Apá rẹ̀ ò sì ká ọta ilé ìtajà. Bí òfin bá dé, ìbọn yíyìn rẹ̀ parí nìyẹn.

Harlan ń kọjá lọ, búrẹ́dì onísọ́sééjì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró.

"Àna mi, ṣé ọta lò ń ṣà ni àbí ẹ̀wà?"

"Ẹ̀wà ni. Àwọn tó ní kòkòrò ni mò ń yọ. Bí o bá pẹ́ níbẹ̀, màá yọ ìwọ náà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Igi tó rí bí ìgò, tí ilé eré bọ́ọ̀lù yíyí kó dànù, la máa ń tò sórí tábìlì gígùn méjì. Ẹni méjì á dúró, ẹni tó bá kọ́kọ́ yìnbọn ta gbogbo tirẹ̀ sílẹ̀ ló borí. Igi tó ṣubú lulẹ̀ ló lọ. Èyí tó kàn dùbúlẹ̀ sórí tábìlì ṣì wà láyé. Itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan ni ẹ̀bùn. Àárọ̀ ló ti ń rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹgbẹ́, kò sì sí ajá tí kò tíì wá kí i.

Òjé wúwo. Igi tó bá gba ti Verena kì í dúró bèèrè ọ̀nà. Ó lé ẹni àkọ́kọ́ jókòó, ó lé èkejì. Gbogbo ìgbà tí ìbọn rẹ̀ bá dún la máa ń dẹ etí bóyá ó ti há. Kò há. Harlan náà ń fi ọta ilé ìtajà lé tirẹ̀ lọ, títí ó fi ku òun àti ìyàwó àbúrò rẹ̀.

Ọta rere tó kù lọ́wọ́ Verena kò ju iye igi lọ. Ó ta wọ́n lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ti ìkẹyìn ba igi léjìká, igi náà sùn sórí tábìlì, ó kọ orí sí wa. Ọta tán, ìbọn là sílẹ̀ lófìfo. Harlan ń làágùn níbi tó ti ń pààrọ̀ àpò ọta, igi méjì ṣì kù fún un.

Ọta kan wà nínú àpò ẹ̀wù Verena, èyí tó jẹ́ pé ìka ló fi tì í kó tó wọlé. Àwọn èèyàn ń sọ fún un pé kó kì í. Ó fọwọ́ kan àpò náà, ó yọ ọwọ́ kúrò. Ó gbé ìbọn sílẹ̀ ní lílà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

Harlan ta igi rẹ̀ méjèèjì lulẹ̀. Ó wo tábìlì Verena, ó wo ojú rẹ̀.

"O ní ọta kan lápò. Mo rí i."

"Ohun tó jọ ọta ni."

"Kí ló dé tí o ò yìn ín?"

"Kó há, kó o lè rí òfin rẹ ṣe? Itan ẹlẹ́dẹ̀ nìkan lo máa gbà lọ́wọ́ mi lónìí, Harlan. O ò ní fi ìbọn mi ṣe ọbẹ̀ rẹ̀."

Harlan rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló sọ fún gbogbo wa pé òun ti dẹtí látàárọ̀, òun ò gbọ́ kí ìbọn náà wúkọ́ rárá, nítorí náà òun ti yí àbá òun padà: kí ẹnikẹ́ni tó ń rọ ọta fúnra rẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀pá lọ́kọ̀ọ̀kan, kó yọ èyí tó bá há, kó tó wọ pápá. Kò sẹ́ni tó lòdì sí i. Harlan fẹ́ kí Verena máa dúró ṣọ́ wọn bí wọ́n bá ń ṣe é. Verena ní òun ò ráyè dúró ti àgbàlagbà lórí. Kí kálukú kọ́ ọ.

Ó ṣa kòròfo ọta rẹ̀ nínú koríko, ó ṣa ti àwọn tó fi tiwọn sílẹ̀ kún un. Ó da òkìtì òsì sínú garawa, nítorí òjé tó há lónìí ṣì máa yọ́ lọ́la. Ó jẹ sọ́sééjì kan lórí ìdúró, ó gbé garawa sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ lọ.