Kọ̀ǹpútà Tó Ní Kí N Kí Òun

Bùsọ́lá, gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní. Mo tan kọ̀ǹpútà mi kí n lè fi iṣẹ́ àṣekágbá mi ránṣẹ́ sí olùkọ́, àṣé wọ́n ti yí ojú rẹ̀ padà. Bọ́tìnnì tó wà ní igun òsì ti kó lọ sáàárín: ẹ̀ṣẹ̀ kìíní nìyẹn. Gbogbo igun rẹ̀ rí roboto bí ẹ̀bà: ẹ̀ṣẹ̀ kejì. Ẹ̀kẹta, ó lanu sọ̀rọ̀!

"Ọmọ yìí, o ò lè kí èèyàn?"

Mo ní, "Ìwọ tí mo rà lọ́dún tó kọjá?"

"Àtúnṣe tuntun ti sọ mí di àgbà."

Ni iṣẹ́ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Mo kúnlẹ̀, Bùsọ́lá! "Ẹ káàárọ̀, mà."

Ó jágbe: "Bàbá ni mí!"

Mo ta jí, mo sáré lọ wò ó. Iṣẹ́ mi pé, ṣùgbọ́n n ò tíì dárí jì í.