Ilẹ̀kùn Tí Fọláhàn Yá

Ní Ìfisìn-Èkìtì lọ́dún 1957, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́, Fọláhàn àgbẹ̀ ló sì ni ín. Pákó ìrókò ni. Ìkọ̀lé ló ti gbà á lọ́wọ́ káfíńtà, ó bá a jókòó lẹ́yìn lọ́rì títí délé, ó ń fi aṣọ nu eruku ojú rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò máa ń wá wo bó ṣe ń tì í. Bóyá ni ohun tí olè lè jí wà nínú ilé náà, ṣùgbọ́n títì yẹn wù wọ́n í wò.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀, tí yóò sì sùn sílé míṣọ̀n, ìjọ wá rántí pé ikán ti jẹ ilẹ̀kùn ilé míṣọ̀n tán. Ṣé kí Bíṣọ́ọ̀bù máa wẹ̀ kí ewúrẹ́ máa wò ó ni? Ojú gbogbo wọn yí sí Fọláhàn. Ó ní kò burú, òun á yá wọn fún ọjọ́ mẹ́ta péré, òun á fi ẹní bo ẹnu ọ̀nà tòun ná. Festus, akọ̀wé ìjọ, ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó, ó yẹ kó wọ ìwé. Festus yìí ka ìwé mẹ́fà, òun nìkan ló sì ń bá gbogbo ìlú gbọ́ òyìnbó: lẹ́tà ọmọ tó wà l'Ékòó, ìwé kóòtù, ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn. Ó jókòó, ó kọ gẹ̀ẹ́sì kún ojú ewé kan, Fọláhàn sì tẹ̀ka sí i.

Bíṣọ́ọ̀bù wá, ó sùn, ó lọ. Ọjọ́ mẹ́ta di oṣù mẹ́ta. Lónìí wọ́n á ní káfíńtà ń bọ̀, lọ́la wọ́n á ní pákó ò tíì gbẹ. Nígbà tó yá, wọ́n gbé àlùfáà àtijọ́ lọ síbòmíràn, wọ́n sì rán Àlùfáà Akínyẹmí wá láti Ìbàdàn, ọkùnrin tínrín kan tí kò gba ohunkóhun gbọ́ àfi tó bá wà nínú ìwé.

Fọláhàn lọ bá a pé òun wá gba ilẹ̀kùn òun. Àlùfáà yọ ìwé náà, ó kà á, ó dúpẹ́ pé Fọláhàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó sì bi í pé ilẹ̀kùn dà.

Fọláhàn rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn àlùfáà, ó ní òun nìyẹn. Àlùfáà ní ìyẹn tìjọ ni. Ó ní ohun tí Fọláhàn tẹ̀ka sí ni bọ́rò, pé ó bọ́rò ilẹ̀kùn kan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó fi sùúrù ṣàlàyé pé lédè òyìnbó, ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló bọ́rò, ẹni tó gbé e fún un ló lẹ́ńdì. Ká ní Fọláhàn ló fún ìjọ ni, lẹ́ńdì ni ìwé ìbá wí. Nítorí náà ilẹ̀kùn kan wà lọ́rùn rẹ̀, kó dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Festus. Festus mọ òtítọ́, ó wà lára àwọn tó fi orí ru ilẹ̀kùn náà wá sílé míṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ó wo ìwé, ó wo àjà, ó húkọ́. Tó bá ní òun ṣì í kọ, ta ni yóò tún gbé lẹ́tà wá fún un kà? Ó ní yá ni bọ́rò, yá náà ni lẹ́ńdì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, pé bọ́rò ló kàn dùn létí jù. Yá tí Fọláhàn ti ń yá láti kékeré, ẹnìkan ò sọ fún un rí pé ó ní apá méjì.

Nílé, àwọn ewúrẹ́ ń ti ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde. Wọ́n jẹ iṣu, wọ́n jẹ etí gèlè Ọmọ́yẹni, ìyàwó rẹ̀. Ọmọ́yẹni ti di ẹrù. Ó ní tí oṣù yìí bá fi lè parí láìsí ilẹ̀kùn, òun ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá òun l'Áyébòdé. Ẹ̀rù ba Fọláhàn gidigidi, nítorí ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́ rí. Ó jókòó, ó ròyìn bọ́rò àti lẹ́ńdì fún un. Ọmọ́yẹni tí kò wọ ilé-ìwé rí ronú díẹ̀.

“Ẹni tó bá bọ́rò nǹkan,” ó ní, “ọwọ́ ta ni nǹkan náà máa ń wà?”

Fọláhàn dìde, ó wá fìlà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ó dìde dúró láàárín ìjọ. Ó ní òun jẹ́wọ́, òótọ́ ni, òun bọ́rò. Gbogbo ìjọ mí kanlẹ̀.

“Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì gbé e fún mi, Àlùfáà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá ulẹ̀kùn tí kò tíì dé ọwọ́ mi padà? Ẹ jẹ́ n gbé e dé ulé ná, kí n lè wá jẹ yín ní ulẹ̀kùn.”

Àlùfáà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló rí, ìjọ ló jẹ̀bi, ìjọ ò tíì gbé ohun tí ìwé wí sílẹ̀. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Fọláhàn níṣojú gbogbo ènìyàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkùnrin mẹ́rin ru ilẹ̀kùn náà padà, Festus wà níwájú, àwọn akọrin ń kọrin tẹ̀lé wọn. Ìwé ò sì dárúkọ ọjọ́ tí Fọláhàn yóò dá a padà, nítorí Festus gbàgbé láti kọ ọ́.

Ọdún kan kọjá, ìròyìn dé pé Bíṣọ́ọ̀bù tún ń bọ̀. Festus wá kan ilẹ̀kùn Fọláhàn. Ó ní ìjọ ní kí òun bẹ̀ ẹ́, kó jọ̀ọ́, kó yá àwọn.

“Yá èwo?” Fọláhàn bi í láti inú ilé. “Bọ́rò ni àbí lẹ́ńdì?”

Festus wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fẹnu sún mọ́ ihò kọ́kọ́rọ́.

“Bàbá,” ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, “mi ò mọ ìyàtọ̀ wọn. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ dákun, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ó ti tó ọdún kan tí Fọláhàn ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ọ, àánú Festus ló ṣe é. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó fún un ní àpótí jókòó.

“Kò le rárá,” ó ní. “Bọ́rò lẹni tó ń tì'lẹ̀kùn sùn. Lẹ́ńdì lẹni tí ewúrẹ́ ń jẹ uṣu ẹ̀.”

Festus fa pẹ́ńsùlù yọ létí, ó kọ ọ́ sílẹ̀.