Ọgọ́rùn-ún Revati

Èmi Nivrutti kì í yin èèyàn. Ẹ bi gbogbo ọmọ tó ti jẹ iyẹ̀pẹ̀ nínú ilé ìjàkadì wa yìí láti ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń tọ́jú kòtò iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti ń jà. Wọn á ní èébú ni mo fi ń jí àwọn láàárọ̀. Ẹni tí mo bá pè ní màlúù, kó lọ dúpẹ́, nítorí màlúù ṣì wúlò. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà tí mo fẹ́ yìn lónìí, ẹ má sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Revati Shelar lorúkọ rẹ̀, ọmọ ogún ọdún. Bàbá rẹ̀ ń gbin ìrèké lábúlé kan tí kò jìnnà sí Kolhapur. Nígbà tó kọ́kọ́ wá bá wa, ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé Popat, ajàkadì kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká so ìgbálẹ̀ mọ́ èyí lórí." Kò pé ọdún méjì tí Revati gbé Popat nílẹ̀, tó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ lójú gbogbo wa. Láti ọjọ́ náà ni Popat ti ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ó fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ.

Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kán. Ìdánrawò lásán ni. Ẹnìkejì rẹ̀ gbé e, ó ń ṣubú, ó wá na ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ láti fi gba ara rẹ̀ dúró. Ojoojúmọ́ la sì ń kígbe mọ́ wọn pé ẹni tó bá ń ṣubú kò gbọdọ̀ na ọwọ́! Ibi tí mo ti ń po iyẹ̀pẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìró egungun náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni dókítà fi de ọrùn-ọwọ́ náà. Nígbà tí wọ́n tú u, háà, ọwọ́ tí mo rí kì í ṣe ọwọ́ ajàkadì mọ́. Ó rí bí ọwọ́ ọmọ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Kò lè ṣí ìdérí ìgò òróró.

Hindurao, ọ̀gá wa tó ń kọ́ wọn ní ìjàkadì, pè é síwájú àwòrán Hanuman, òrìṣà àwa ajàkadì, lára ògiri.

"Revati, o mọ òfin ilé yìí. Ẹni tí egungun bá lé jáde nínú kòtò, dand ọgọ́rùn-ún ni yóò fi padà wọlé, lójú gbogbo ilé. Mo fún ọ di àjọ̀dún Ọdún Ejò, nígbà òjò."

"Tí mi ò bá lè ṣe é ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Ọmọ ìlú Sangli kan ti ń dúró de ibùsùn láti èṣí."

Ibùsùn mẹ́fà péré ló wà ní yàrá àwọn ọmọbìnrin, kò sì sí kòtò mìíràn ní gbogbo agbègbè wa tó ń gba ọmọbìnrin. Tí Revati bá pàdánù ibùsùn yẹn, ìjàkadì rẹ̀ parí nìyẹn, oko ìrèké ló kù.

Dand kì í ṣe eré. Ọwọ́ méjèèjì á wà nílẹ̀, ìdí á ga sókè, o wá rọra sọ àyà kalẹ̀ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ ha ilẹ̀, bí ẹni ń yọ́ gba abẹ́ ọgbà kọjá, o tún ti ara padà sókè. Gbogbo ẹrù ara, orí ọrùn-ọwọ́ ló ń gbà kọjá. Orúnkún kò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú kòtò ló ń kà á sókè, ìyẹn èmi. Tí iye náà bá sì ṣìnà, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, orí ọ̀kan la ó padà sí. Wọ́n ní Hanuman kì í gba iye onírọ́.

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tí èmi àgbà hù. Láyé tiwa, ajàkadì tí nǹkan bá ń dùn, ṣe la máa ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀. Orúnkún ń dùn ọ́? Lọ jókòó-dìde ní ẹgbẹ̀rún. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n tú ọwọ́ Revati, mo gbé kùmọ̀ onígi ńlá tí a fi ń dá apá le fún un.

"Fì í yí orí ká ní ìgbà ogún," mo ní. "Ìrora ló máa sá fún ẹ."

"Bàbá, dókítà ní kí n ṣe sùúrù."

"Dókítà ti jàkadì rí? Gbé e jàre!"

Ó gbé e, nítorí pé àgbà ló sọ̀rọ̀. Ó dé ẹ̀ẹ̀kọkànlá, ọrùn-ọwọ́ yẹ̀, kùmọ̀ jábọ́. Kó tó di ọ̀sán, ọwọ́ ti wú. Dókítà ní kó má fi ṣe ohunkóhun fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojú tì mí. Mi ò lè wo ojú ọmọ náà. Lọ́jọ́ kejì mo gbé wàrà alálímọ́ńdì lọ bá a lójú ibùsùn, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó mu ún, ó ní, "Bàbá, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn ọbẹ̀ jù." Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, kò gbọ́ tẹnikẹ́ni mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bó ṣe mọ̀. Òwúrọ̀ kan ló wá bá mi létí kòtò, ó ní òun fẹ́ máa bá mi po iyẹ̀pẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?" mo bi í.

"Ọwọ́ mi ni mo fẹ́ gbà padà, Bàbá."

Ẹ mọ iyẹ̀pẹ̀ kòtò wa. Omi wàrà kíkan, òróró, atalẹ̀ pupa àti ọsàn wẹ́wẹ́ la fi ń pò ó kó má baà gbẹ. Á bu ìṣù kan, á fún un, á tú u ká, á tún bu òmíràn. Ọjọ́ kìíní, ìṣù mẹ́fà péré, ọwọ́ ti ń gbọ̀n. Kò bínú, ó dìde, ó ṣan ọwọ́. Ọjọ́ kejì, mẹ́jọ. Nígbà tó yá ó ń fún aṣọ tútù fún àwọn ọmọbìnrin yòókù, Popat sì ń pè é ní alágbàfọ̀ gbogbogbòò. "Ẹ̀gbọ́n alágbàfọ̀, ẹ bá mi fún tèmi náà." Ó sọ aṣọ náà lù ú lójú.

Lẹ́yìn náà ló wá fi àtẹ́lẹwọ́ ti ògiri, ó ń sún mọ́ ọn, ó ń sún sẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí fún ògiri. Ìgbà mẹ́wàá, ó tán. Ẹni tó ti ń ṣe dand ọ̀ọ́dúnrún kó tó jẹun àárọ̀! Àwọn ọmọkùnrin ń wò ó, wọ́n ń fi ẹnu ṣe yẹ̀yẹ́, kò wẹ̀yìn. Láti ara ògiri ó bọ́ sí etí ọpọ́n tí ẹfọ̀n wa fi ń mu omi, ibẹ̀ ló wà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sórí bíríkì méjì tó dì mú kí ọrùn-ọwọ́ má baà tẹ̀ jù. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló kẹ́yìn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ó ń dáwọ́ dúró. Ó lè dé méjìdínlógún, kó ku méjì péré, kó dìde. Èmi á fẹ́ pariwo. "Parí rẹ̀ ná!"

"Rárá, Bàbá. Ìrora méjì ló wà. Ọ̀kan ń sọ pé òun ń ṣiṣẹ́, èkejì ń sọ pé òun ń ya. Èkejì yẹn ló dé yìí."

Ogójì ọdún ni mo ti fi jẹ búrẹ́dì bhakri ajàkadì, ẹnikẹ́ni kò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi rí. Ká ní mo gbọ́ ọ nígbà èwe ni, èjìká mi méjèèjì ì bá máa gòkè títí dòní.

Ọdún Ejò dé. Òjò ti rọ̀ láti àná, ara gbogbo ayé tutù. Gbogbo ilé pé sí ẹ̀gbẹ́ kòtò, bàbá Revati náà wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, wọ́n jókòó sórí pákó. Revati fi iyẹ̀pẹ̀ kan iwájú orí, ó fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ogún, ó ń lọ geerege. Ogójì, orí mi wú. Ọgọ́ta ló kọ́kọ́ dúró, ìdí sókè, mo sì rí i tí ọwọ́ ọ̀tún náà ń gbọ̀n. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ báyìí. Lójú mi, kùmọ̀ tí mo gbé fún un ló wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ṣòfò fún un ni ọwọ́ náà ń wá. Ó ṣe mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ariwo pọ̀, Popat ń lu itan rẹ̀, àwọn ọmọ ń kígbe orúkọ Hanuman. Nígbà tí ó tún gòkè, ẹnu mi là, mo pe méjìdínlọ́gọ́rin. Mo fo mẹ́wàá gbáko.

Kò sí ẹni tó mọ̀. Mo kà á lọ.

Ó ṣe ẹyọ kan sí i, ó dúró. Ó rọra kúnlẹ̀.

"Orúnkún!" ni ẹnì kan kígbe. Ìyá rẹ̀ bo ojú.

"Iye ti ṣìnà, Ọ̀gá," ni Revati wí. Ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. "Mẹ́wàá ló fò."

Hindurao yíjú sí mi. Mo lè sọ pé àṣìṣe ni. Ta ni kì í ṣi iye kà? Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń wò mí, kò bínú, ó kàn ń wò mí ni.

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni," mo ní. "Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má fi ṣe tirẹ̀."

Popat gbójú kúrò lára mi, ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

"Òfin ni òfin," ni Hindurao wí. "Orí ọ̀kan."

"Mo gbọ́, Ọ̀gá. Ṣé òfin sọ pé àárọ̀ ni?"

Ọ̀gá wo ojú ọ̀run. "Ọjọ́ òní ni òfin wí. Kí oòrùn tó wọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n sinmi, nígbà náà."

Ó mu omi, ó na ọwọ́ sórí itan ìyá rẹ̀, ó sùn! Ẹ gbọ́ o, ó sùn fọnfọn. Èmi kò lè jẹ, mi ò lè mu. Ní ìrọ̀lẹ́ ó jí, ó yí ọrùn-ọwọ́ síbí sọ́hùn-ún, ó padà sídìí kòtò.

"Yan ẹlòmíràn tí yóò kà," ni Hindurao sọ fún un.

"Bàbá Nivrutti ni yóò kà."

"Ẹni tó purọ́ láàárọ̀?"

"Ẹni tó jẹ́wọ́ láàárọ̀, Ọ̀gá."

Mo padà sí ipò mi. Mo kà. Bí àyà rẹ̀ kò bá tíì kọjá, bí apá kò bá tíì nà tán, ẹnu mi kò là. Ní àádọ́rùn-ún, ó dúró. Ó pẹ́. Òógùn ń kán láti ìmú rẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Mi ò pariwo pé kó parí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń gbọ́ ohun tí ọwọ́ náà ń sọ, ìrora wo nínú méjèèjì ni. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gòkè. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ó tún sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí mo pe ọgọ́rùn-ún, ohùn mi ti ya. Ó da ẹ̀rẹ̀kẹ́ délẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ ń sunkún, ẹnikẹ́ni kò sì tíì pariwo, nítorí pé ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ẹni tó kà.

"Nivrutti, mélòó ni?"

Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú iyẹ̀pẹ̀ bí ẹni ń búra. "Ọgọ́rùn-ún, Ọ̀gá. Kò lé, kò dín."

Hindurao wo Revati, ó wò mí. Kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì.